Ọmọ Irin Inú Kẹ̀kẹ́

Bí Dókítà ṣe gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ló rí tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀ lójú títì. Aṣọ funfun nọ́ọ̀sì ló wọ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi aṣọ ìnura bo ohun tó wà nínú kẹ̀kẹ́, ó ń rọra tì í bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ jí.

Dókítà tí mò ń wí yìí kì í ṣe dókítà èèyàn o. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú ló ń jí dìde, ìyẹn ni àdúgbò ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rí i pé kẹ̀kẹ́ náà fì sápá kan. "Ẹ kú ewu ọmọ o! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ó tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìnura kó lè bá wọn tún orí ọmọ gbé. Kíá ló fa ọwọ́ yọ. "Yéè! Irin mà ni!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó kàn dúró ni, ó ń wo ojú ọmọbìnrin náà, ó sì ti gbàgbé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ irú ọmọ tí èyí jẹ́," Nọ́ọ̀sì wí nígbà tí ẹ̀rín dá. "Kọ̀ǹpútà bàbá mi ni. Àwòrán ilé ni wọ́n fi ń yà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹrù lásán ni, ká gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Bàbá ní ká kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n bóyá ó ṣì wúlò."

"Kẹ̀kẹ́ yìí ńkọ́?"

"Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ yẹn ti ń rìn. Ẹ̀rọ yìí ni ò lè rìn."

Dókítà gbé e sórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Orúkọ ara ẹ̀rọ náà ti pa rẹ́ pátápátá. Ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ eruku dànù, ó wá pe Nọ́ọ̀sì mọ́ra.

"Ẹ wò ó. Ọpọlọ kan ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi kọ lẹ́tà máa ń ní, méjì lèyí ní. Páálí gbọọrọ yìí ló ń gbé àwòrán jáde, wọn kì í fi irú ẹ̀ sínú ẹ̀rọ ṣákálá. Ẹ̀rọ oníṣẹ́ ńlá ni. Nígbà tó jáde, ọ́fíìsì tó bá ní ẹyọ kan, gbogbo ayàwòrán ibẹ̀ ló máa tò sí i lẹ́yìn."

"Ó wúlò àbí kò wúlò?"

"Tó bá jẹ́ fídíò lẹ fẹ́ fi wò, kò wúlò. Oorun á ti gbé yín lọ kó tó ṣí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé ni Bàbá fẹ́ máa yà, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, ó ṣì mọ̀ ọ́n." Ó yọ páálí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó nù wọ́n. "Mẹ́mọ́rì rèé, òun ló fi ń rántí nǹkan. Méjì ni, ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ láìsí èkejì. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan, á kàn máa ké píì, píì, ojú ẹ̀ á sì ṣókùnkùn."

"Bí eyín ló rí. Ilé ìwòsàn eyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ má yọ tèmi o."

"Ìwà yín ló máa sọ."

Ẹ̀rọ jí. Nígbà tó délé, Bàbá jókòó tì í, ó ń ya ilé, ó ń kọrin. Gbogbo ilé ń yọ̀, àfi Nọ́ọ̀sì. Ẹni tára rẹ̀ bá dá, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ dókítà? Ẹ̀yin náà á ní ṣé kò kàn lè lọ kí ọkùnrin náà ni. Ẹ bá mi bi í! Ìtìjú ò jẹ́. Ó yọ mẹ́mọ́rì kan bí ẹni yọ eyín, ó jù ú sínú báàgì, ó gbé ẹ̀rọ sínú kẹ̀kẹ́.

"Ara ọmọ ò tún yá?" Ìyá àgbà bi í.

"Ibà ni, Mà."

Dókítà fi mẹ́mọ́rì mìíràn sí i. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ọjọ́ fi ń lọ. Kò pẹ́, Nọ́ọ̀sì tún yọ ọ́. Dókítà wo ihò tó ṣófo náà, ó mọ̀ pé mẹ́mọ́rì ò lẹ́sẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fi òmíràn sí i. Ìgbà tó ṣe, Dókítà ti ń pè é ní Eyínfúnjowó, Nọ́ọ̀sì náà ń pè é ní Dókítà mi.

Lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé Dókítà fẹ́ wá rí i, ẹ̀rọ ti tún kú lẹ́ẹ̀kẹta, iná sì jó dórí kókó.

"Ta ni? Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ kan ṣe tí ẹ̀rọ ń kú? Àpótí irin ò gbọ́ tiẹ̀, ayé ọmọ mi ló fẹ́ tún ṣe? Láéláé!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fúnra rẹ̀ ló ti kẹ̀kẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Dókítà dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ lo ní ẹ̀rọ mi ṣì wúlò?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló wá ń pa á?"

Dókítà ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó rí ihò náà. Ó wo Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan péré. "Àṣìṣe mi ni, sà. N ò ki mẹ́mọ́rì rẹ̀ wọlé dáadáa. Ẹ má bínú."

"O ò mọṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn onírin ni mò ń gbé e lọ báyìí. Kí ìwọ náà jìnnà sí ọmọ mi."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́mọ́rì mẹ́ta ló bọ́ sílẹ̀. "Bàbá, èmi ni mò ń yọ ọ́. Kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo kàn ń wá ohun tó máa gbé mi débí ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè!" Ìyá àgbà pariwo láti ìta.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "O yọ eyín ẹ̀rọ mi. Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń rò pé èmi ni mò ń ba nǹkan jẹ́? Mo ní èmi àti ẹ̀rọ yìí ti jọ parí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Nọ́ọ̀sì dé egungun. Kò tíì rò ó dé ibẹ̀ rí. Ó di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó wá kọjú sí Dókítà.

"O mọ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, sà."

"O sì jẹ́ kí n pè ọ́ ní aláìmọṣẹ́?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ bú mi ju kí ẹ bínú sí i lọ."

Bàbá na ìka sí ihò náà. "Fi eyín rẹ̀ sí i."

Ẹ̀rọ jí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ògiri kan, òmíràn tẹ̀ lé e. Yàrá kan, pálọ̀, àyè fífẹ̀ kan tó máa gba tábìlì àtúnṣe dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

"Ilé ta nìyẹn, Bàbá?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ilé yín. Ìwọ, ibo lo fẹ́ kí fèrèsé kọjú sí?"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ Dókítà mú níwájú bàbá rẹ̀. "Síbi tábìlì rẹ̀, Bàbá. Kí n lè máa rí i."

Bàbá ṣí fèrèsé síbẹ̀. Ó tún ya igun kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Èyí ńkọ́, sà?" Dókítà bi í.

"Ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ni," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé irin sínú ẹ̀ fún mi mọ́."