Nọ́ọ̀tì Tí Bàbá Máa Ń Dá Padà Díẹ̀

Òórùn gírísì tí ó gba àgbàlá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà mú ìyá aránṣọ kan rántí olóògbé ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àgbàlá ṣe máa ń rùn nígbà ayé rẹ̀, bí ó bá gbé iwájú ọkọ̀ sórí jáàkì, tí ó ń súfèé.

Lónìí, ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ káfíńtà ni ó wà nídìí iṣẹ́. Ó ti fi gírísì sí béárìn, irin tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí. Ó wá rọ̀ mọ́ sípánà, ó ń fún nọ́ọ̀tì tí ó di béárìn mú títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Rọra o!" ni ìyá rẹ̀ wí. "Bàbá rẹ máa ń fọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí wọ́n ti ń fún un ni. Bí wọ́n bá fún un tán, wọ́n á dá a padà díẹ̀, wọ́n á mú táyà lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á mì ín wò. Kò gbọdọ̀ mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, àmọ́ ó gbọdọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́."

"Màmá, abẹ́rẹ́ lẹ mọ̀. Èmi tí mò ń kan àga, ohun tí kò bá le ló ń tú. Agbára ni Bàbá ń ṣọ́ lò."

"Ó dáa, ọ̀gá. Bàbá rẹ tí kò lágbára ló wa ọkọ̀ yìí títí wọ́n fi hu ewú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fún nọ́ọ̀tì náà dé òpin láìdá a padà, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbéra.

Wọn kò tí ì jìnnà tí ìyá fi fajú ro. "Kí ló ń jóná?"

"Gírísì tuntun ni, Màmá. Ẹ jẹ́ ká débi tí à ń lọ ná."

Bí ó bá jẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, ìbá ti dúró, ìbá ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti mọ̀ bí ó bá gbóná sódì. Wọn kò dúró. Béárìn tí kò ráyè yí jó, ó fọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀ há, ọkọ̀ fì, ó forí sọ ògiri. Káfíńtà jáde láìfarapa. Apá ọ̀tún ìyá rẹ̀ ṣẹ́.

Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò ká mọ́. Aṣọ tí ó ń rán ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

"Màmá," ni ọmọ náà bi í lọ́jọ́ kan, "díẹ̀ tí Bàbá máa ń dá a padà yẹn, báwo ló ṣe tó?"

Ìyá fi ọwọ́ òsì mú ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó yí i pẹ̀lẹ́. "Kò ju báyìí lọ."

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ìfúnjù kì í ṣe ààbò. Tẹ̀ lé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ rẹ sọ, tàbí kí o béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí o bá gbọ́ òórùn ìjóná, dúró. Ọmọ tí yóò bá sì jogún ọkọ̀, kí ó jogún ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.