Ẹyẹ Aláró Ìdí Àwo

"Ìyáàfin Colclough, ta ló fún yín ní àwo yìí?"

Lovatt, ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó da ife tánganran kan dojú dé, ó ń fi àtàǹpàkò ra ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dáa. Edith Colclough fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ta ló fún òun kẹ̀? Gbogbo Burslem, ìlú àwọn amọ̀kòkò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mọ̀ pé ìyá ìyá-ìyá òun ló kó àwọn ife náà wọlé ọkọ, pé inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni wọ́n ń gbé, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wọ́n mu tíì. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Lovatt pé kó wá kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí orúkọ ìdílé wọn lè wà níbẹ̀ kí òun tó kú.

"Ṣé ẹ rí ẹyẹ aláró yìí?" ni Lovatt wí. "Ti àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn ún. Ẹ̀rọ ló tẹ eléyìí. Ẹ tún wo abẹ́ ẹyẹ náà. Wọ́n ha nǹkan kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ iná."

Edith gbé e sún mọ́ iná. Ojú àpá lẹ́tà ló rí: England.

"Àwọn amọ̀kòkò ayé ìyá ìyá-ìyá yín kì í kọ ìyẹn sí i. Ìgbà tí Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí ọjà òkè òkun máa sọ ilẹ̀ tó ti wá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bí àwo yìí bá dàgbà títí, Mà, ẹgbẹ́ yín ni."

Ó yé Edith: ẹnìkan ti fi ayédèrú pààrọ̀ ojúlówó. Winifred ló ń wò, àbúrò rẹ̀ tí kò lọ́kọ, tó gbé tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní ó wà lọ́wọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ mi ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa nù wọ́n."

Háà, ìbínú burú! Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde nílé ìsìn, Edith wọ́ àbúrò rẹ̀ sí àárín títì. "Olè! Olè inú ilé rèé o!" Ó ju àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e, àpótí náà sì tú sórí yìnyín. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó bá a mú ọ̀kan. Ó lọ gba yàrá kótópó kan ní Cobridge, lẹ́yìn ilé àwọn tó ń ra àkísà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́.

Sájẹ́ǹtì Bloor tó wá ṣèwádìí kò fẹ́ràn igbe. Ó yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, ó jókòó.

"Yàtọ̀ sí àbúrò yín, ta ló tún ń wọ yàrá yìí?"

"Kò sẹ́nìkan. Àfi Pásítọ̀ Penrose."

"Ta ni yẹn?"

"Àlùfáà ni, ará Cornwall, létí òkun lọ́hùn-ún. Ó máa ń wá gbàdúrà fún mi. Èèyàn Ọlọ́run ni, jàre. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun ò mọ tánganran yàtọ̀ sí páànù ìbolé."

"Kí ló máa ń gbé dání?"

"Báàgì Bíbélì tó ń pín fún àwọn aláìsàn."

"Báàgì náà tóbi?"

Edith na apá méjèèjì láti fi wọ̀n ọ́n. Báàgì náà tóbi.

Bloor rìn kiri. Ní ìlú Leek, ó bá bàbá afọ́jú kan, Josiah Heath, tí ẹnìkan ti fi ayédèrú pààrọ̀ àwo ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Bàbá náà máa ń fi èékánná kan àwọn àwo náà láràárọ̀, kó gbọ́ ohùn wọn. Lọ́jọ́ kan, ohùn náà yí padà. "Pásítọ̀ náà di ọwọ́ mi mú, a jọ ń ṣe àmín," ni bàbá náà wí. "Ọwọ́ kan ló fi dì mí mú. Ọwọ́ kejì ló fi ń palẹ̀ ilé mi mọ́."

Wọ́n gbọ́ pé ilé àlejò kan ní ìlú Stone ni pásítọ̀ náà wọ̀ sí. Edith wà nínú mọ́tò ọlọ́pàá, torí òun ló máa dá a mọ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn níwájú, ó ti bọ́ sẹ́yìn. "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn, ẹ mú un!" Dúdú ni ẹ̀wù rẹ̀, ó ń sáré lórí yìnyín tó bo odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi. Yìnyín náà fọ́, ó rì dé ìbàdí, ó rápálá gun òdìkejì, ó wọgbó. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó bá a ní tèṣàn reluwé, ó bọ́ bàtà, ó ń yáná. Wọ́n tú báàgì rẹ̀. Bíbélì ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Orúkọ ẹ?" ni Bloor bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Hugh Penrose, ìránṣẹ́ Olúwa."

"Kí ló dé tóo fi sá?"

"Mo rí àwọn tó ń sáré bọ̀, mo ṣe bí ọlọ́ṣà ni."

"Tánganran dà?"

"Ọmọ apẹja ni mí, Sájẹ́ǹtì. Ẹja ni mo mọ̀." Ó yíjú sí Edith, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ pariwo láàárín títì pé àbúrò yín ló jí i? Ní kóòtù wọn á bi yín pé ìgbà wo gan-an lẹ purọ́, ìgbà yẹn ni àbí ìsinsìnyí?"

Ẹnu Edith alára ni ọkùnrin yìí fi ṣe odi sá sí. Bí kò bá jẹ́wọ́, wọn á fi í sílẹ̀, Winifred á sì kú sí Cobridge pẹ̀lú orúkọ olè.

Bloor ní kí wọ́n gbé tíì wá, òun àti àkàrà ọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú rẹ̀. Ó gba àwo tirẹ̀, ó gbé e ga díẹ̀, ó yọjú wo ìdí rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Edith ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Burslem, ẹnikẹ́ni kì í kọ́ ọmọ ní ìyẹn; àbínibí ni. Wọn ì báà máa jẹun níwájú ọba, wọ́n á kọ́kọ́ wo ìdí àwo kí wọ́n mọ ẹni tó mọ ọ́n. Pásítọ̀ náà fẹ́ afẹ́fẹ́ sọ́wọ́ rẹ̀ tó tutù, ó gba àwo, ó gbé e ga, ó yọjú wo ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Edith gbé òkèlè rẹ̀ padà sórí àwo.

"Pásítọ̀, kí lẹ wò nídìí àwo yẹn?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà dúró. "Mo... mò ń wò bóyá ó mọ́ ni."

"Ojú àwo lèèyàn ti ń jẹun," ni Bloor wí. "Ọmọ apẹja, oúnjẹ ló máa wò. Àwa ọmọ amọ̀kòkò là ń wo ìdí. Ilé iṣẹ́ wo lo ti ṣiṣẹ́?"

"N kò ṣiṣẹ́ níbì kankan."

"Ó dáa. Lọ́la màá mú ẹ dúró lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ àwo lọ́kọ̀ọ̀kan bí òṣìṣẹ́ bá ń jáde. Ẹnìkan á pe orúkọ ẹ. Bí wọ́n bá ti pè é, màá lọ mú ìyá ẹ wá kó wá wò ẹ́ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀."

Ọkùnrin náà ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ má pe ìyá mi. Ó rò pé mo ti kú sójú ogun."

"Ta ló sọ fún un?"

"Èmi ni. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan lọ túfọ̀ mi. Ó ń dàgbà, mi ò fẹ́ ẹni tí màá tọ́jú."

Ẹni tó lè parọ́ ikú ara rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kí ló kù tí kò lè ṣe?

Lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́. Enoch Shufflebotham lorúkọ rẹ̀, ọmọ Smallthorne lẹ́gbẹ̀ẹ́ Burslem. Òun ló máa ń tẹ àmì sídìí àwo nílé iṣẹ́ kan kí wọ́n tó lé e. Bí onílé bá lọ gbé omi kaná, á yẹ ìdí àwo wò. Ìgbà tó bá padà wá, á kó ayédèrú tó jọ ọ́ dání. Ẹ̀yìn aago ni Winifred ń fi kọ́kọ́rọ́ há, Enoch sì ti rí i. Wọ́n bá ojúlówó nínú ìyẹ̀fun igi, lábẹ́ ilé ìsìn kan tó ti di ahoro, ibi tó kó wọn pamọ́ sí de oníbàárà. Josiah Heath fi èékánná kan àwo ìyàwó rẹ̀, ó gbé etí lé e, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Edith kò dúró ka ife tirẹ̀. Cobridge ló gbà lọ.

"Wọ́n ti mú olè náà, Winnie. Dìde, jẹ́ ká lọ sílé."

Winifred kò dìde. Ó ti rù, ikọ́ sì ti wọ ọ́ láyà. "Ibo lẹ ti pè mí lólè?"

"Winnie, jọ̀ọ́..."

"Mo ní ibo?"

"Àárín títì."

"Kí làwọn èèyàn ń ṣe nígbà yẹn?"

"Wọ́n ń jáde nílé ìsìn."

"Ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi," ni Winifred wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, Edith dúró láàárín títì, láìdé fìlà. Winifred dúró lódìkejì, àpótí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o! Winifred àbúrò mi kò jalè! Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn!"

Àwọn èèyàn dúró. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Brindley létí dídi," ni Winifred wí. "Kò gbọ́. Ẹ tún un wí."

Edith wo arúgbó náà tó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Ó tún un wí, pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù láyà rẹ̀, títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà náà ni Winifred gbé àpótí rẹ̀, ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọ ilé wọn.