Ohùn Àárín Orin Kejì

Ta ló gbọ́ "Mà" tí ọmọ mi dáhùn? Mo ti bi ara mi léèrè níbi tí mo ti ń yan gàrí, mo ti bi ara mi lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà, n kò tíì rí èsì rẹ̀ títí dòní.

Kò sí ohun ẹ̀rù kankan nínú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Jamaldeen ọkọ mi, tó ń ta aṣọ ní Àbíjàn, fi ẹrù rán bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Ẹ̀jìgbò: ọṣẹ, bàtà ọmọ, àti rédíò tòkunbọ̀ kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ̀, tí èmi náà ń pè ní Ìyá, tú ẹrù náà wò títí dé ìsàlẹ̀ àpò.

"Àwọn ará Àbíjàn yìí," ó ní, "wọn á kó gbogbo nǹkan ránṣẹ́ tán, wọn ò ní fi ara wọn sí i."

Kásẹ́ẹ̀tì kan há sínú rédíò náà. A fà á, kò jáde, la bá tàn án bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ń kọrin ní èdè tí a ò gbọ́, dùùrù sì ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ohùn rẹ̀ bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù.

Irfan, ọmọ mi kan ṣoṣo, ti fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, kò sì tíì sọ̀rọ̀. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n ní kò di, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo ló fẹ́ balẹ̀? Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń bú èèyàn ládùúgbò.

Ó fẹ́ràn orin náà. Bí a bá ti tàn án, á wá jókòó síwájú rédíò, á káwọ́ lé orúnkún bí àgbàlagbà. Ibì kan wà nínú orin kejì tí dùùrù máa ń dákẹ́. Obìnrin mìíràn, tí kì í ṣe akọrin, á sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe ọmọ láti inú yàrá, orin á sì máa lọ.

Nílé wa, ọmọ tí àgbà bá pè gbọ́dọ̀ jẹ́ "Mà" kíá. Òun la kọ́kọ́ ń fi kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Ilé wa kan náà ló ń kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá rí ẹni tó pè é kò gbọdọ̀ dáhùn. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló wà lọ́kàn mi. Bí obìnrin náà bá ti pè, màá fi ẹnu sétí Irfan, màá ní, "Sọ pé Mà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà pè, Irfan sì jẹ́ ẹ. "Mà." Ó dún kedere. Mo gbé e, mo ń jó káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pe baba rẹ̀ lórí fóònù, òun náà ń sunkún ní Àbíjàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi pe Irfan, kò dáhùn. Ìyá pè é, kò wo ojú rẹ̀. Obìnrin inú rédíò nìkan ló ń dá lóhùn. Bí mo bá gbé e mọ́ra, ara rẹ̀ á le gbagidi, bí ọmọ tí àlejò gbé. Bí a bá sì pa rédíò, á dojú kọ ògiri, kò ní jẹun.

Ìdákẹ́jẹ́ àárín orin náà sì ń gùn sí i. Tẹ́lẹ̀, kò ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ. Nígbà tó yá, mo lè bu omi kí n sì gbé e kaná kí orin tó padà. Bí mo bá súnmọ́ ọn, mo ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń mí.

Mo sọ fún Àǹtí Ayọ̀níkẹ́, tó ń kọ́ wa ní ìwé ní kíláàsì àgbà. Ó gun ọ̀kadà wá láti Màsífà. Ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú rédíò kó lè gbọ́ orin náà, fóònù sì dárúkọ ẹni tó ni orin fún un: obìnrin ará Jàpáánù kan tó ń ṣẹ̀dá orin rẹ̀, tó sì ń tẹ dùùrù fúnra rẹ̀. Ó ní orin wọ̀nyí gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún débi pé ọmọdé àti àgbà ló mọ̀ ọ́n kọ. Ó wá tan orin kejì láti inú fóònù. Orin kan náà ni, ohùn akọrin kan náà ni. Nígbà tó dé ibi ìpè, dùùrù kò dákẹ́. Kò sí ẹni tó pe ẹnikẹ́ni.

Àǹtí rọra gbé fóònù sórí itan. Ó ní bóyá ẹnì kan ló gba ohùn ara rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì.

"Àǹtí," mo ní, "ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ṣé ó máa ń dúró de èsì ni?"

Ó fa àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò nídìí rédíò.

Ìyá ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bí ẹni tí a kò rí bá pe ọmọ, tí ọmọ sì ṣèèṣì jẹ́ ẹ, ìyá ọmọ ló ń gba ìpè náà jẹ́. Á dárúkọ ara rẹ̀, á ní ọmọ wà lọ́wọ́ òun. Kò gbọdọ̀ bú ẹni tó pè.

"Ìwọ lo bí i, ìyàwó mi," ó ní. "Jẹ́ ẹ."

Lẹ́yìn tí Ìyá kírun Alásárì, a jókòó ti rédíò náà. Àǹtí tẹ fóònù rẹ̀ kó máa gba ohùn, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá etí ló ń tàn wá. Mo gbé Irfan lé itan. Orin kejì bẹ̀rẹ̀. Dùùrù dákẹ́. Obìnrin náà pè. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ mi, èémí rẹ̀ gbóná ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Èmi Sàídátù, ìyá Irfan, ni mo jẹ́ ẹ. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Ó ti jẹun. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pè é mọ́."

Mo gbọ́ bí ẹni inú rédíò ṣe mí kanlẹ̀. Ohùn náà wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn tí a kò gbọ́ rí lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Kò bínú. Ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà dùùrù padà, orin parí, rédíò sì pa ara rẹ̀.

Mo pe Irfan. Ó yíjú sí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Mà," ó ní.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rí oorun sùn dáadáa, nítorí n kò mọ ohun tí obìnrin náà sọ. Mo gbà pé èpè ni, tàbí ìlérí pé òun á padà wá.

Irfan ti ń lọ sílé ìwé kí Mùhámmẹ́dù tó wálé ṣe Iléyá. Ọmọ ìlú Ọlá ni, ó ń tú mọ́tò ní Jàpáánù, ó sì gbọ́ èdè wọn. Àǹtí tan ohùn tí fóònù rẹ̀ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́sí fún un. Ó gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó wá béèrè pé ọmọ ta ni. Ó ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré tí obìnrin náà fi ń pe ọmọ, "Ibo lo wà?" ni. Ohun tí obìnrin náà sì sọ fún mi nìyí:

"Ọmọ tèmi ni mò ń pè láti ọjọ́ yìí, tiyín ló dáhùn. Ẹ gbà á. Ẹ má jẹ́ kó tún dáhùn o, torí n kò ní lè dá a padà lẹ́ẹ̀kejì."