Orí Kẹjọ Tó Pòórá

Bí Tiwátọ́pẹ́ ṣe ti ilẹ̀kùn yàrá ìkàwé bàbá rẹ̀ ní Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ náà, igbe ló fi ta. Bàbá Adéróunmú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti kú sórí àga níwájú kọ̀ǹpútà. Ìrọ̀rí tí wọ́n fi dí wọn nímú wà nílẹ̀. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n ń kọ ṣì wà ní ṣíṣí lójú ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Ẹnìtàn dé, ó pe Láyí, àbúrò olóògbé, tó sùn sílé náà.

"Ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn, sà?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ àná. Wọ́n ń ka ìwé wọn, mo ní ó dàárọ̀. Olè ló máa ti wọlé."

"Ta ló tún ń lo kọ̀ǹpútà yìí?"

"Àwọn nìkan ni, Màdáámù. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n tàn."

Ẹnìtàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí èèrà, ojú ewé mẹ́ta ló hàn pọ̀.

Ó yíjú sí Tiwátọ́pẹ́. "Àbúrò mi, ṣé báyìí ni bàbá yín ṣe ń kàwé?"

"Rárá o, Mà. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n máa ń sọ lẹ́tà di ńlá títí ọ̀rọ̀ díẹ̀ á fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ."

"A jẹ́ pé ẹlòmíì ló sọ ọ́ di kékeré, kó lè tètè rí ojú ewé kan."

Ó padà síwájú ìwé, níbi tí wọ́n to àkòrí sí. Orí Kẹjọ wà níbẹ̀: "Ẹni Tó Wa Mọ́tò Náà." Ó tẹ̀ ẹ́ kó gbé òun lọ síbẹ̀, kò gbé e débì kankan. Ó yí ìwé náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orí Kẹsàn-án ló tẹ̀ lé Orí Keje.

Ara Tiwátọ́pẹ́ bù máṣọ. Mọ́tò ló pa màmá rẹ̀ ní àdúgbò Challenge nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọn ò mọ ẹni tó wà á títí dòní.

"Ẹni tó pa á rẹ́ ò ti ìwé náà pa," Ẹnìtàn wí. "Ohun tó ṣe kẹ́yìn ṣì ṣeé dá padà."

Ó tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀. Orí Kẹjọ yọ padà. Tiwátọ́pẹ́ kà á sókè: "Láyí àbúrò mi jẹ́wọ́ fún mi pé òun lòun gbá ìyàwó mi, tóun sì sá lọ."

Láyí sáré sẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́pàá kan dí i lọ́nà.

"Ilẹ̀kùn ò já, nǹkan kan ò sọnù," Ẹnìtàn sọ fún un. "Ẹ̀yin àti Tiwátọ́pẹ́ nìkan ló sùn síbí pẹ̀lú olóògbé. Ẹ̀yin nìkan sì lorí yẹn lè kó bá."

Láyí wó lulẹ̀. "Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní dandan ni kọ́mọ àwọn mọ̀."

Tiwátọ́pẹ́ fara ti ògiri. "Bọ̀dá Láyí, ẹ̀yin lẹ gbé mi sáyà níbi ìsìnkú màmá mi. Ẹ̀yin lẹ ń nu omijé mi!"