Sọ́kẹ́ẹ̀tì Kẹrin

Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an, eruku sì bo gbogbo ará Ore láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Elisha nìkan ni kò sí eruku lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó wọ ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, àpò irinṣẹ́ léjìká.

Lydia ò kíyè sí i. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń yọjú sí títì. "Bàbá Oyin, ẹ rí wọn rà?"

"Mo rí wọn." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbé e lọ sí Èkó. Lydia fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ létí títì márosẹ̀, fún àwọn èrò Benin. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba, ojúlówó ọjà wọ́n bí ojú. Ló bá ra sọ́kẹ́ẹ̀tì oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin ní páàkì, ó ní kí ọkọ òun tó jẹ́ oníná kàn wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tọ́wọ́ ti máa tètè tó wọn. Elisha fárígá. Ó ní fírísà àti ẹ̀rọ ata máa yọ́ ike yẹn láàárín oṣù kan, pé ibi tí omi ń ta sí kọ́ là ń kan iná sí.

"Àwáwí ọ̀lẹ lẹ̀ ń wí," Lydia sọ fún un.

Ẹyin lohùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Elisha wọ mọ́tò Èkó láìdágbére; àwọn ará páàkì ló sọ fún Lydia pé sọ́kẹ́ẹ̀tì gidi ló lọ rà.

Ní báyìí, ó ń yọ wọ́n nínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, onírin, tó nípọn. "Èyí tẹ́nu rẹ̀ tóbi ni ti fírísà. Má ki nǹkan mìíràn bọ̀ ọ́. Èyí tó ní ìdérí ló máa wà nítòsí omi." Ó kàn wọ́n sókè, ní ọ̀gangan àyà. Òòlù ń lọ, ó ń bọ̀, ògiri ò dún. Lydia fẹ́ nu ojú rẹ̀; ó sún sẹ́yìn.

"Má fọwọ́ kàn mí. Iná wà lára mi."

Ó ti kan mẹ́ta, ó ń wá ìkẹrin nínú àpò, nígbà tí Gàzálì, awakọ̀ kan ní páàkì, rọra pe Lydia sẹ́yìn ilé. Ó ti ṣí fìlà.

"Ìyá Oyin, ẹ ṣọkàn akin. Mọ́tò tí Bàbá Oyin wọ̀ bọ̀ láti Èkó lọ́jọ́rú, ó jóná. Èmi ni mo gbé wọn dé mọ́ṣúárì. Àpò wọn rèé."

Àpò náà ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà Odigbo máa ń sọ nípa àkúdàáyà, òkú tó padà wálé bí alààyè. Wọ́n ní bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá ti sunkún rẹ̀ lójú rẹ̀, ó di àwátì. Lydia mọ ìtàn náà. Ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì náà pamọ́ sábẹ́ ìró, ó gbé ẹkún mì, ó wọlé.

"Bàbá Oyin, èwo lẹ ní ó jẹ́ ti fírísà?"

Ó tún ṣàlàyé.

"Èwo ló máa wà nítòsí omi?"

Ó tún ṣàlàyé, pẹ̀lú sùúrù, bó ti máa ń ṣe. Lydia ìbá bi í títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn ń gún un láyà, kò sì lè bẹ̀bẹ̀ láìsunkún.

"Lydia," ni Elisha wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Oyin, kò pè é lórúkọ mọ́. "Gbé ìkẹrin wá, kí n parí iṣẹ́."

Ó nà án sí i. "Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ," ó wí, ẹkún sì já mọ́ ọn lẹ́nu.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì já bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa gbà á.

Àwọn mẹ́ta yẹn ṣì ń gbé iná dòní. Wáyà kẹrin ṣì yọ lára ògiri, Lydia ò jẹ́ kí oníná kankan fọwọ́ kàn án. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo tábìlì, á bo fírísà, á bo gbogbo ògiri. Kì í bà lé ibi tí wáyà yẹn wà.