Jesse Ni Mọ́mì Oríọlá Ń Ṣọ́

Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, tí wọ́n sì ti mú iná lọ, gbogbo ọmọ ilé Mọ́mì Oríọlá a tú síta. Èyí ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga, èyí ń din ẹyin lórí sítóòfù, èyí na ẹsẹ̀ sí kọ́rídọ̀, ó ń kàwé. Mọ́mì fúnra rẹ̀ a gbé àga síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, a gbé àtẹ ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí, ojú rẹ̀ ń ṣọ́ ilé.

Tíṣà ni Mọ́mì Oríọlá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ bíbí ìlú Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Ẹ̀yìn yunifásítì ló kọ́ ilé rẹ̀ sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì háyà gbogbo yàrá ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kìlọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òògùn olóró ti wọ àárín àwọn ọmọ yunifásítì, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ń ṣe é nínú ilé òun. Ó sì dá a lójú pé Jesse ni.

Ta ni ìbá tún jẹ́? Jesse ló di irun bíi ti dàdá. Jesse ni ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ata. Jesse ni àwọn ọmọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ máa ń wá bá, tí wọ́n á wọlé fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á sì tún jáde láìpẹ́. Bí Mọ́mì bá sì gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ kọjá, òórùn kan a máa tú jáde níbẹ̀, bí ẹni pé nǹkan ń jóná.

"Jesse, kí ló ń rùn ní yàrá rẹ?"

"Òjé tí mo fi ń lẹ wáyà fóònù ni, mà. Fóònù ni mò ń tún ṣe fáwọn èèyàn."

"Ojú rẹ ńkọ́?"

"Èéfín òjé náà ni, mà. Ó máa ń ta mí lójú."

"Hùn," ni Mọ́mì wí. Kò gbà á gbọ́ rárá. Nígbà tí àwọn onílé àdúgbò ṣe ìpàdé, ó dìde láàárín wọn, ó ní, "Ọmọ kan wà nílé mi tó ń ta igbó. Ọwọ́ mi kò tíì tẹ̀ ẹ́ ni." Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún Jesse pé kó wá ilé mìíràn lọ bí oṣù bá ti parí.

"Kí ni mo ṣe, Mọ́mì?"

"Ìwọ lo mọ ohun tó o ṣe."

Ẹni tí ọkàn Mọ́mì balẹ̀ sí jù nínú ilé náà ni Ìrètíolúwa, ọmọ Leah àbúrò rẹ̀ tó wà l'Óǹdó. Ọdún àṣekágbá ni Ìrètí wà. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì ń ta sóbò tútù nínú ìgò láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Mọ́mì a máa bá a lẹ bébà mọ́ àwọn ìgò náà lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òùngbẹ gbẹ Mọ́mì. "Ìrètí, fún mi ní ìgò kan lára àwọn tó wà nísàlẹ̀ kúlà yẹn."

"Rárá o, Mọ́mì!" Kíá ni Ìrètí pa kúlà dé. "Ìyẹn kì í ṣe tiyín. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ sì mọ ohun tí dókítà sọ fún yín. Ẹ jẹ́ n fún yín ní tòkè."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó mọ àgbà tọ́jú! Ó mu sóbò tirẹ̀, ó sì dá ojú padà sí ilẹ̀kùn Jesse.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà tí ìjàǹbá fi dé. Ọmọ kan wà nílé náà tó ń jẹ́ Stephen, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ìjù, tí kò tíì pẹ́ tó wọ yunifásítì. Ó ti orí pápá bọ́ọ̀lù dé, ó jókòó sí kọ́rídọ̀, ó ń mu nǹkan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Nígbà tó tún ṣe, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ojú rẹ̀ yí, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Jesse ló kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mọ́mì da àtẹ ẹ̀gúsí nù, ó sáré tẹ̀ lé e.

"Jesse! Kí lo fún un mu? Ọlọ́run ti mú ọ lónìí!"

Jesse kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó ti yí Stephen sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ má baà há a lọ́fun. "Mọ́mì, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ná. Bó bá kú, ẹ̀sùn tí ẹ fi ń kàn mí kò ní jí i."

Wọ́n gbé e sínú takisí, ó di ọsibítù. Bí dókítà ṣe ń béèrè ohun tó jẹ, Jesse na ìgò kan sí i. "Èyí ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sà."

Dókítà gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Sóbò rèé, ṣùgbọ́n ọtí líle wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ yìí sì ṣe ń mí yìí, ọtí nìkan kọ́. Òògùn wà níbẹ̀. O ṣeun tó o mú ìgò wá. Ó jẹ́ ká tètè mọ ohun tí à ń bá jà."

Mọ́mì tẹjú mọ́ ìgò náà. Ó ti rí bébà tó wà lára ìgò náà. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n sọ pé Stephen yóò yè é, Mọ́mì padà sílé. Ó wọ yàrá Ìrètí, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìrètí, kí ló wà nínú sóbò ìsàlẹ̀ kúlà?"

"Ṣúgà ni, mà."

"Ó dáa. Ṣí ìgò kan, kó o mu ún níwájú mi."

Ìrètí wo ìgò, ó wo Mọ́mì. Kò nawọ́. Ó kàn kúnlẹ̀ ni, ó bú sẹ́kún.

"Díẹ̀ ni mo máa ń fi sí i, Mọ́mì. Àwọn fúnra wọn ló ń béèrè. Ẹnì kan ló ń kó òògùn náà wá fún mi. Èmi náà máa ń mu ún kí n lè fi kàwé, nígbà tó yá, n kò lè ṣe kí n má mu ún. Stephen kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rà á fún un." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká da ìyókù sínú ṣálángá. Ẹ ṣáà ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Jesse ni. Ẹ má yí i padà. Wọ́n á gbà bẹ́ẹ̀."

Ohun tó dun Mọ́mì jù ni pé fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wọ òun létí. Lóòótọ́ ni. Kò sẹ́ni tí kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló ti fẹnu ara òun tún ọ̀nà irọ́ náà ṣe.

Kò fọwọ́ kan kúlà náà. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi àgádágodo ti yàrá, ó sì mú Ìrètí lọ s'Óǹdó lọ́jọ́ kejì, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Leah kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán tó fi káwọ́ lérí. Èdè Oǹdó ló fi ń sunkún, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́mọdé. Nígbà tó dákẹ́, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ku díẹ̀ kó jáde. Ẹ jẹ́ ká pa á mọ́ra, ká máa gbàdúrà. Ọmọ onídàdá yẹn, ta ló mọ ìyá rẹ̀?"

Ó wá ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lọ́yà Ayọ̀mídé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká l'Ákúrẹ́, tó sì máa ń wá sílé l'Óǹdó lópin ọ̀sẹ̀. Leah rò pé yóò bá wọn wá ihò kan gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́yà wọlé, Mọ́mì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o kò ní jáde kúrò níbí kó o lọ fi wá sùn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìmọ̀ràn lẹ pè mí fún. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín parọ́." Ó jókòó, wọ́n ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un, títí kan ti Jesse. Ó wá kọjú sí Ìrètí. "Lọ́jọ́ tí yunifásítì gbà yín wọlé, ṣé o búra?"

"Mo búra, mà. Wọ́n fún wa níwèé òfin. N kò kà á."

"Púpọ̀ nínú yín ni kì í kà á. Ó wà níbẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lo òògùn olóró, tàbí tó ń tà á, wọ́n lè dá a dúró, wọ́n sì lè lé e pátápátá, ìbáà ku ìdánwò kan kó jáde."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì ni mo ti ń tà á."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ nínú ọgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ lẹ́yìn ọgbà. Ìgbìmọ̀ ìbáwí lè pè ọ́."

Leah dá sí i. "Ọtí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọtí kì í ṣe òògùn olóró."

"Òótọ́ ni. Àgbàlagbà tó mu ọtí kò dẹ́ṣẹ̀ sófin ìlú. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ni kò gbà á láyè nílé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú ọgbà, ẹni tó bá sì mu yó tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ yóò jẹ́jọ́ níwájú wọn. Ṣùgbọ́n kéèyàn po òògùn mọ́ ọn, kó gbé e tà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọtí. Nínú òfin tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti òògùn olóró, ń lò, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní òògùn olóró lọ́wọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ti ẹni tó ń tà á tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n gbére ló wà níbẹ̀. Adájọ́ lè wo bí ọ̀ràn ṣe rí kó tó dájọ́, ṣùgbọ́n 'díẹ̀ ni mo fi sí i' kì í ṣe àwíjàre."

Leah fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n," ni lọ́yà tún wí fún Mọ́mì, "onílé tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí wọ́n máa fi ilé òun ṣe irú òwò yìí, òfin ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Títí di àná, ẹ kò mọ̀. Láti àná, ẹ ti mọ̀. Ti Jesse tí ẹ sì ń wí yẹn, ẹni tó bá parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwájú agbófinró ti tún dá ọ̀ràn mìíràn."

"Kí wá ni ká ṣe?" ni Mọ́mì béèrè.

"Ẹ má da nǹkan kan nù. Ẹ má gbé e káàkiri. Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn NDLEA fúnra wa, èmi àti Ìrètí, kó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹni tó ń gbé òògùn wá fún un. Ní ti òògùn tó ti di bárakú fún un, wọ́n ní àwọn olùdámọ̀ràn tó lè mú un lọ síbi ìtọ́jú."

"Ṣé wọ́n máa dárí jì mí?" ni Ìrètí béèrè.

"N kò lè ṣèlérí ìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó sòótọ́, ojú tí wọ́n fi ń wò ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n mú. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn."

Leah wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń retí kó kọ̀. Mọ́mì mi orí. "Leah, ká ní Jesse ni, ǹ bá ti pe ọlọ́pàá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé torí pé ọmọ wa ni, òfin wá di ìkà?"

Ìrètí ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ló wí.

Wọ́n lọ. Wọ́n sì mú ẹni tó ń gbé òògùn náà kiri. Yunifásítì gbé ọ̀rọ̀ Ìrètí yẹ̀ wò, wọ́n lé e, pẹ̀lú gbogbo omijé ìyá rẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà nílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ń gba ìtọ́jú, oorun rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde, wọ́n ti lọ sìnrú ìlú. Stephen gbádùn, ó padà sí kíláàsì.

Kí oṣù tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ tó parí ni Mọ́mì Oríọlá ti lọ sí ìpàdé àwọn onílé, ó dìde, ó sọ pé irọ́ lòun pa mọ́ Jesse. Lẹ́yìn náà ló lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ náà. Ó bá a tó ń di ẹrù.

"Jesse, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má lọ mọ́."

Jesse dọ̀bálẹ̀. "Mọ́mì, mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó ilé mìíràn. Àti pé, ẹ má bínú, mà, kò rọrùn kéèyàn máa gbé níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka ìwé òfin yunifásítì yín kó tó di pé wọ́n kà á sí yín létí níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ má mu ohun tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ ló gbé e wá. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹnì kan bá sì dákú lójú yín, ẹ sáré gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ mú ohun tó mu dání, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà. Ẹni tí òògùn ti di bárakú fún, kó wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn yunifásítì rẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ NDLEA. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin onílé, irun orí kọ́ ni ẹ̀rí, orin ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ sì ni àwíjàre. Bí ẹ bá fura, ẹ ṣe ìwádìí kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì ti wá mọ òótọ́, ẹ má bò ó. Ọmọ tí ẹ bò mọ́ra lónìí, ó lè jẹ́ pé òkú ọmọ ẹlòmíràn ni yóò tú u síta lọ́la.