Fáìlì Tí Kò Mọ̀ Pé Òun Ti Kún

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà wà lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Oorun ti gbé e lọ lọ́sàn-án gangan, lẹ́tà kan ṣoṣo sì ń tò lọ bẹẹrẹ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Iṣẹ́ mi lẹ ń bá mi ṣe yẹn."

Ó ta jí, ó nu ẹnu. "Iṣẹ́ wo?"

"Kíkún fáìlì ni. Èmi ni onídánwò tuntun tí yóò máa dán ètò kọ̀ǹpútà wò."

Ẹ̀rín pa á. Kòburú ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, torí ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Òun ló ń tún ètò tí ń pa fáìlì mọ́ ṣe. Bó bá ti fọwọ́ kàn án, onídánwò yóò tún gbogbo àdánwò àtijọ́ ṣe, kó má lọ jẹ́ pé ibi tó ti ń tún ojú ṣe ló ti ba imú jẹ́. Iṣẹ́ náà ń rẹ ni jọjọ. Ti fáìlì ńlá ló le jù: yóò kó lẹ́tà sínú rẹ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan kó dé òpin ìwọ̀n rẹ̀, yóò wá fi méjì kún un. Ètò gidi yóò ní òun ò gbà mọ́. Tiwọn ń dáhùn pé ó ti wọlé, bẹ́ẹ̀ èyí tó gbẹ̀yìn ti sọnù.

Nígbà tó yá, "ẹ" di "o" láàárín wọn.

"Irọ́ ni ètò yìí ń pa," ọmọbìnrin náà wí. "Ó jọ ẹni tó kọ ọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ojú rẹ pọ́n bí ata. Mo ní ṣé ó rẹ̀ ọ́, o ní kò burú."

Ìfẹ́ ti wọ àárín wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkùnrin náà ti wà lórí ibùsùn tipẹ́, òun nìkan ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Bàbá ọmọbìnrin náà rí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì mi orí. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìka kan lòun fẹ́ fi ṣe é. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣubú, ta ni yóò mọ̀? Mi ò gbà kí o fẹ́ ẹ."

Ọmọbìnrin náà jẹ́ iṣẹ́ náà fún olólùfẹ́ rẹ̀.

"Kò burú," ọkùnrin náà wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọmọbìnrin náà ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ó sunkún, láti ìgbà náà sì ni wọn ò sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà tún kún fáìlì náà dé etí, ó fi méjì lé e. Èsì tuntun yọ: *Ó ti kún. Mi ò gbà mọ́.*

Ó gbójú sókè. Kòburú dúró tì í, omi lójú.

"Èmi náà ti kún," ó wí. "Ó burú. Ọjọ́ tí o jíṣẹ́ bàbá, ó burú gan-an ni. Mi ò lè dá a gbé mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi gbé e."

"Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

"Ó rẹ̀ mí."

"O káre, ọkọ mi. Gbé báàgì rẹ wá, kí n bá ọ gbé e."

Bàbá ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn nírọ̀lẹ́. "Báwo ni nǹkan?"

Ọkùnrin náà lanu, ó gbé "kò" mì. "Ó rẹ̀ mí, sà."

Bàbá wò ó títí. Ó fa àga kan.

"Jókòó, àna mi."